Ọ̀dà Dúdú Lójú Ọgbẹ́ Igi

Nígbà tí Ọlọ́dà ka ìwé ìtọ́jú igi náà dé ojú ewé kẹtàdínlọ́gọ́ta, ó pa á dé, ó sì tì í sí òdìkejì tábìlì bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tó ti kan síwájú rẹ̀.

"Wá ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀," ló wí fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń lọ aṣọ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Kà á sókè. Bóyá ojú mi ló ń ṣe mí."

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, òun ló sì ń bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè láràárọ̀ láti ìgbà tí bàbá náà ti ń múra ìdánwò. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó ṣí ìwé, ó kà: "'Ẹ má ṣe fi ọ̀dà kun ojú ibi tí ẹ ti gé ẹ̀ka. Ọ̀dà kì í wo igi sàn. Ṣe ló ń há omi mọ́ abẹ́, igi a sì máa jẹrà níbi tí ojú kò tó.'"

"Ẹni tó kọ ìyẹn kò gun igi rí." Bàbá rẹ̀ yínmú.

"Dádì, tí ẹnì kan bá bo egbò ẹlẹ́gbin mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n á lé e lọ sílé ni."

"Igi kì í ṣe aláìsàn yín. Máa lọ aṣọ rẹ."

Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń tọ́jú igi ojú títì. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ gbà pé kí èèyàn gé ẹ̀ka láìkun ojú rẹ̀ dà bí ìgbà tó jáde nílé láìdi bọ́tìnnì ṣòkòtò. Bí wọ́n bá gé e, wọn a gé e mọ́ ara igi pẹ́lẹ́bẹ́, wọn a sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, títí yóò fi máa dán. Àwọn tó ń kọjá lọ a dúró wò ó. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá: kò sí ẹni tó tún ń pè é ní nǹkan mìíràn ju Ọlọ́dà lọ.

Ìdánwò ló kó bá a. Ìjọba ìlú ti kéde pé láti ọdún tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ fi ayùn kan igi ìlú mọ́. Apá méjì ni ìdánwò náà ní. Àkọ́kọ́, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkejì, olùdánwò yóò wá wo igi kan tí olúwarẹ̀ ti gé ní ó kéré tán ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ọjọ́ tí Ọlọ́dà gba fọ́ọ̀mù, kó tó ṣí ìwé rárá, ló ti fi ìgbéraga kọ igi ńlá iwájú ilé ìkàwé sí i. Ẹ̀ka mẹ́rin ló gé lára rẹ̀ ní ọdún méje sẹ́yìn, kò sì tíì ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí olùdánwò dé. Ọlọ́dà pinnu láti lọ fi hàn pé òpùrọ́ ni ìwé náà.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló di okùn mú nísàlẹ̀. Ọlọ́dà gun òkè. Ọ̀dà náà ṣì ń dán bí bàtà ọlọ́pàá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi èèkù ọ̀bẹ kàn án, ó sì dún bí àpótí òfìfo. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ki ẹnu ọ̀bẹ bọ abẹ́ ọ̀dà, ó ṣí i bí èépá. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú ṣàn sí i lọ́wọ́, òórùn kan sì jáde, bí omi tí wọ́n fi fọ ẹja tí wọ́n gbàgbé sínú bàsíà. Ó ti ìka bọ inú rẹ̀. Igi tó yẹ kó le bí egungun ti rọ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú omi. Ìdin funfun ń yí gbirigbiri níbẹ̀. Ó fi apá bo imú.

Ẹ̀ka tó tóbi jù lórí igi náà, èyí tí kò gé, orí ibi tó jẹrà yìí gan-an ló dúró lé. Lábẹ́ rẹ̀, ìyá àgbà kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka ìwé ìròyìn.

Ọlọ́dà sọ̀ kalẹ̀, ó ròyìn ohun tó rí.

"Bọ̀ọ̀dá, ọ̀rọ̀ yìí ò le," ni àna rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ǹtì dí i, ká kun ọ̀dà tuntun lé e. Ta ló fẹ́ máa fi ọ̀bẹ họ ọ́ kiri?"

Ká má parọ́, Ọlọ́dà ṣí agolo ọ̀dà. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Òórùn ọ̀dà tó máa ń dùn mọ́ ọn bí ẹní gbóòórùn kọfí láàárọ̀ wá dà pọ̀ mọ́ òórùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ èwo ló ń rí òun lára jù. Ó dé agolo náà.

"Lọ bẹ ìyá yẹn kí wọ́n dìde. Fi okùn yí gbogbo bẹ́ǹṣì ká. Màá lọ sọ fún àwọn ará ilé ìkàwé."

"Ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣera yín. Ìwé ẹ̀rí yẹn ti lọ nìyẹn o."

"Mo ti fọwọ́ mi ṣe igi ná."

Ó padà gòkè, ó sì ṣí ojú ọgbẹ́ mẹ́ta tó kù. Kò sí èyí tó sàn ju èkejì lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, obìnrin kan tó kéré sí ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí ni olùdánwò tó dé. Ó gun àkàbà, ó yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ó yọ bébà jáde.

"Bàbá, ta ló gé e?"

"Èmi ni."

"Ta ló ṣí i?"

"Èmi náà ni, màdáámù."

"Tó bá jẹ́ òní lẹ fẹ́ gé e ńkọ́?"

Ọlọ́dà dáhùn bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì. "Ibi tó wú bí ọrùn yẹn, tí ẹ̀ka ti yọ, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Iwájú rẹ̀ ni màá ti gé e. Mi ò ní kun nǹkan kan sí i."

Olùdánwò kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ dáhùn dáadáa. Èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́sí náà dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò yege."

"Mo mọ̀. Mo ti gbóòórùn rẹ̀."

"Ẹ lè fi igi mìíràn hàn mí."

"Kò sí. Gbogbo wọn ni mo kùn."

Obìnrin náà gbójú sókè. "Á jẹ́ pé láti ọdún tó ń bọ̀, abẹ́ ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí lẹ óò máa ṣiṣẹ́, títí igi tí ẹ bá gé láìkùn yóò fi pé ọdún márùn-ún, kí ẹ tó padà wá. Ó dùn mí, Bàbá." Ó ń ká bébà rẹ̀ bọ àpò. Lẹ́yìn náà ó dúró. "Gbogbo wọn, ẹ ní? Mélòó ni?"

Ọlọ́dà kò mọ iye wọn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí èèyàn ṣe mọ eyín ẹnu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tó wà lódìkejì títì: igi méjì, ẹ̀ka márùn-ún. Ilé ìfìwéránṣẹ́: ẹyọ kan. Ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí: mẹ́ta, èyí tó wà láàárín ló burú jù. Ó ń dárúkọ wọn bí ẹni tó ń bì, kò fẹ́ kó dúró sọ́nà ọ̀fun.

"Ẹ rọra, Bàbá, bébà mi ti kún."

"Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀," ni Ọlọ́dà wí. "A ò tíì kúrò ní àdúgbò yìí."