Àwòrán Kẹta Lára Ògiri Bàbá Mi

Àwòrán mẹ́ta ló wà lára ògiri pálọ̀ bàbá mi ní Ìlaró. Kì í ṣe fọ́tò. Àwòrán àtijọ́ ni wọ́n, irú èyí tí wọ́n ń fín sára irin kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílùú òyìnbó. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá bàbá mi nílé-ìwé míṣọ́ọ̀nù ló fi wọ́n ta á lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílé.

Nínú èkíní, ọkọ̀ náà rí bí àgbá omi tí wọ́n dá dùbúlẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ihò èéfín rẹ̀ sì ga fíofío. Nínú èkejì, àwọn ọlọ́lá jókòó sínú ọkọ̀ tí kò lórùlé, wọ́n di agboòrùn mú. Ẹ̀kẹta ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni: omi gbígbóná ti mú kí ọkọ̀ náà bú gbàù, ẹsẹ̀ àti fìlà àwọn èrò sì ń fò kiri lójú òfuurufú. Kò sí àlejò tó wọlé wa tí bàbá mi kò ní fà dé iwájú rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, lásìkò tí gbogbo ìlú ń ráhùn nítorí SAP, ètò ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àbúrò bàbá mi obìnrin wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àǹtí ni mo ń pè é. Ọkọ̀ ojú irin tí ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ló yẹ̀ kúrò lójú irin, tó sì gba ẹ̀mí ọkùnrin náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí ọkọ ní Ìjoun ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, olùkọ́ méjì wá láti Pólì. Bàbá mi kò tíì jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa tó fi fà wọ́n lọ síbi ògiri.

“Ẹ wo ọkùnrin yìí! Òun lọ sápá ọ̀tún, fìlà rẹ̀ lọ sápá òsì!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí ń gbé omi bọ̀ lẹ́yìn wọn. Mo gbọ́ tí tíréè já lulẹ̀.

“Kí ló dé?” ni bàbá mi wí. “Ṣé o ò rí i pé àlejò wà níbí ni?”

Àǹtí bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán ṣa àfọ́kù gíláàsì. Mo bẹ̀rẹ̀ tì í.

Nígbà tí a jí lọ́jọ́ kejì, àwòrán kẹta ti kọjú sí ògiri. Bàbá mi yí i padà. Ilẹ̀ tún mọ́, ó tún ti kọjú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ẹni tó ń ṣe é.

Nígbà tó yá, bàbá mi gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀ nídìí oúnjẹ.

“Ẹni tó bá tún fọwọ́ kan àwòrán mi, kó wá ibòmíràn gbé.”

Màmá mi wo ojú Àǹtí. Àǹtí wo ojú abọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwòrán náà tún ti kọjú sí ògiri. Àǹtí jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Mo ti ṣetán àtilọ.”

Màmá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Níbo ló ń lọ? Ìjoun ti lé e. Ẹ̀yin náà fẹ́ lé e nítorí bébà?”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bébà,” ni bàbá mi wí. “Ta ló ni ilé yìí?”

Àǹtí dìde. N kò gbọ́ kó gbé ohùn sókè sí bàbá mi rí títí di ọjọ́ náà.

“Oko ni ọkọ mi fẹ́ máa ro! Ẹ̀yin lẹ mú un dúró síwájú ògiri yìí, tí ẹ ní iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni iṣẹ́ ọ̀làjú. Nígbà tó kú, ẹ wá sìnkú, ẹ gbàdúrà, ẹ lọ. Ẹ ò bi mí bó ṣe kú. Fìlà iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ gbé fún mi. Wọ́n ní kí n má wo ìyókù.”

Bàbá mi nawọ́ wá àga, ó jókòó.

“Ẹ̀rù ló ń bà mí láti bi ọ́,” ló wí. “Bó o bá sọ pé èmi ni mo fà á, kí ni mo fẹ́ wí?”

“Mo ti sọ ọ́ báyìí.”

“Ó dáa. Sọ ìyókù.”

Ó sọ ọ́. N kò lè kọ ọ́ síbí. Agogo ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni dún ní òpópónà kejì, mo sì mọ̀ pé mo ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mira nínú wa.

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló yọ àwòrán náà kúrò. Àǹtí kò ní kó yọ méjì yòókù. Síbẹ̀ ara kò tètè rọ̀ wọ́n. Fún ìgbà pípẹ́, tí bàbá mi bá kí i, “Ẹ káàárọ̀” lásán ni Àǹtí máa fi ń fèsì, á sì bọ́ sí kíṣìnnì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá mi ní òun fẹ́ bá a lọ sí Ìjoun, kí òun lọ jókòó níwájú àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀, kí òun bá wọn sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àǹtí ní òun ò bẹ̀ ẹ́.

“Mo mọ̀,” ni bàbá mi fèsì.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò náà, ọkọ̀ dé. Dẹ́rẹ́bà ṣílẹ̀kùn iwájú fún bàbá mi, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àgbà. Ó kọ̀, ó lọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Àǹtí wò ó, ó sún díẹ̀, ó sì fún un láyè.