Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Àmì Pupa

Mi ò tíì bọ́ kóòtù mi tán tí Mummy fi pariwo pè mí láti yàrá kejì. "Ọmọ mi, please, wá wò ó. Kọ̀ǹpútà yìí tún ti ń bi mí pé ta ni mí."

Mummy kì í ṣe ìyá mi o. Gbogbo wa níbi iṣẹ́ là ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ń pín iṣẹ́ fún àwọn tó ń lọ tọ́jú àgbàlagbà nílé wọn, ní ọ́fíìsì kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù ẹja ní Peckham. Ríipọ́ọ̀tì ni iṣẹ́ tèmi. Ojú-ewé kan ni, inú sáìtì ilé iṣẹ́ wa ló wà, ó sì ń fi hàn bóyá ẹni tó yẹ kó lọ wo àgbàlagbà kan ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá ti dé, àmì aláwọ̀ ewé ló máa hàn. Bí àkókò bá kọjá tẹ́nikẹ́ni ò dé, ó di pupa.

Mo sáré ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó ṣí wẹ́rẹ́. Àmì pupa kan wà níbẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn àgbà wa ló jókòó sílé láìrí ẹni tó máa fún un lóúnjẹ, mi ò sì lè mọ ẹni náà, torí wọn kì í jẹ́ kí irú àwa tá à ń ṣe ríipọ́ọ̀tì rí orúkọ aláìsàn. Àmì nìkan là ń rí. Mummy lè rí orúkọ. Ọ̀gá wa náà lè rí i, àmọ́ inú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Èkó ni ọ̀gá wà.

"Mummy, ẹ máa pe àwọn àgbà wa lọ́kọ̀ọ̀kan o," ni mo sọ bí mo ṣe wọ yàrá wọn.

"Gbogbo wọn? Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ fóònù ni?" Síbẹ̀ wọ́n ti gbé fóònù sétí.

Líǹkì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo fi tuntun ránṣẹ́ sí wọn. Mummy fi ìka kan tẹ páásìwọ́ọ̀dù wọn, ó gbà á, ojú-ewé ìta ṣí. Àmọ́ nínú àpótí àárín, níbi tó yẹ kí ríipọ́ọ̀tì wà, ó tún ní àkókò ìwọlé wa ti tán, ká tún wọlé. A wọlé. Ó lé wa jáde. A tún wọlé. Ó tún lé wa jáde. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbà sí pálọ̀, tí wọ́n wá ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́.

"Orí ẹni tó ṣe nǹkan yìí ò pé rárá!" ni mo sọ.

"Má ṣépè láàárọ̀," ni Mummy wí, fóònù ṣì wà létí wọn.

Mo wo aago kọ̀ǹpútà, bóyá kò lọ dáadáa. Mo wo gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ẹni tó wọlé. Kò sí èyí tó bàjẹ́. Ṣé ìyá tó wà ní Brixton ni, àbí ẹni tó ṣubú lọ́jọ́sí? Ìbéèrè kan ló kù tó yẹ kí n bi Mummy: ta ló tún lo kọ̀ǹpútà yín? Ilé iṣẹ́ kò gbà á láyè, èmi wo sì ni kí n máa fi irú ẹ̀ kan àgbà? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀.

"Mummy, ẹ má bínú o. Ẹ dákun. Bóyá ẹnì kan kàn ṣèèṣì…"

"Ṣèèṣì kí ni?" Wọ́n gbójú sókè. "Ṣé èmi ni mo ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ni?"

"Rárá o, Mummy. Sorry, ma."

Mo padà sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n bá nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Àkókò ń lọ. Mo ń tẹ ohun tí mo ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí mo ti ń tẹjú mọ́ àpótí yẹn ni mo ti rí àwòrán kékeré kan ní igun rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó lo ìbòrí ni, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mummy, ta nìyí?"

"Háà, ọmọ dáadáa yẹn ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń lọ tọ́jú àwọn àgbà wa! Ó yà kí mi láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ní Stockwell. Fóònù rẹ̀ ti kú, ó ní kí n jẹ́ kóun wo ilé tóun ń lọ nínú kọ̀ǹpútà mi. Ṣé kí n lé ọmọ tó wá kí mi ni?"

"Ṣé gbogbo wọn lẹ máa ń jẹ́ kí wọ́n wò ó?"

"Ẹni tó bá wá kí mi ni."

Ó tán. Ọmọ náà ti lọ, àmọ́ kò jáde nínú ríipọ́ọ̀tì. Òun ni ríipọ́ọ̀tì rò pé ó ṣì jókòó síbẹ̀, òun náà kò sì láṣẹ láti rí orúkọ, ló ṣe ń lé wa. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo yọ ọmọ náà jáde, mo pa gbogbo rẹ̀ dé, mo tún un ṣí. Mummy tẹ páásìwọ́ọ̀dù. Àpótí náà ṣí, orúkọ sì hàn lábẹ́ àmì pupa.

"Yéè! Baba Brockley!" Mummy kawọ́ lérí. "Fúnra wọn ni wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ wọn láàárọ̀. Wọn ò lè dáná. Bí wọ́n bá ti gún un, tí wọn ò sì jẹun, ṣúgà ara wọn á lọ sílẹ̀ jù!"

A pe Baba, fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Mummy ń pe áńbúláńsì bí mo ṣe ń sáré sọ̀ kalẹ̀ wá táksí. Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó gbọ́ pé ara ẹni tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ Baba ò yá, pé fóònù ọ̀gá ló fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mummy ti sọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí àpótí kékeré tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún mi, mo ṣílẹ̀kùn wọlé. Baba wà nídìí tábìlì, wọ́n ti múra tán, òógùn ti rin kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì wọn gbingbin, fóònù wà níwájú wọn. Mo po ṣúgà mọ́ omi, mo gbé e sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Mò ń gbàdúrà, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tó yá, ojú wọn wálẹ̀.

"Baba, kí ló dé tí ẹ ò pè wá?"

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Kó tó di pé ó ń gbọ̀n ńkọ́?"

Wọ́n rọra rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín. Mi ò fẹ́ dà yín láàmú."

Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo mọ́ ẹni tó tó bàbá bàbá mi. "Baba, ẹ dà wá láàmú! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dà wá láàmú!"

"Ó dáa," ni Baba wí. "Ebi ń pa mí."