Okùn Iná Kì í Dá Rìn

Alidou ará Tchatchou kì í ṣe eléré, àmọ́ kò séré tó dùn lágbègbè wa tí kò sí níbẹ̀. Òun ló ń tan iná sórí ìtàgé. Ó ní pátákó kan tó kún fún bọ́tìnnì, tó fi ń pàṣẹ fún àwọn iná: kí pupa tàn, kí funfun rẹlẹ̀. Okùn kan tí orí rẹ̀ ní eyín mẹ́ta ló ń gbé àṣẹ náà lọ. Okùn ẹ̀rọ akọrin jọ ọ́, àmọ́ ẹ má fi okùn ohùn ṣe okùn iná lójú Alidou o! Ó so àkísà pupa mọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í mú á gbọ́ ohun tí etí ò fẹ́ gbọ́.

Òfin rẹ̀ kejì le ju ìyẹn lọ: okùn iná kì í dá rìn. Dandan ni kí méjì so mọ́ra, ì báà ṣe ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín pátákó àti iná. Lọ́dún 1996 tó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ òjé mọ́ orí wọn, ó ki ẹyọ kan bọ pátákó náà, iná ò dáhùn. Ó so èkejì mọ́ ọn, iná tàn yòò. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí." Bó ṣe kọ́ Seidou ará Goro nìyẹn, bó ṣe kọ́ Oumarou ará Kika nìyẹn. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn, nígbà tí iná ń tàn?

Nígbà tó di ìparí ọdún 2002, tí a fẹ́ dìbò yan àwọn tí yóò máa darí kọ́múùnù wa, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ Tchaourou, fún ìgbà àkọ́kọ́, Ìbùkún kó àwọn òṣèré rẹ̀ wá láti Savè, kí wọ́n fi eré kọ́ wa bí a ṣe ń dìbò. Ìbùkún, tó ń pe Alidou ní Tonton bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ò fọ̀rọ̀ pa mọ́: "Tonton, ará Parakou kan wà tí irinṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tuntun. Tí iná bá fi wá ṣẹ̀sín ní Tchaourou lọ́jọ́ eré, òun ni màá mú lọ sáwọn abúlé tó kù." Alidou ò lè jẹun láti ìgbà náà.

Háà, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀! Lọ́sàn-án ọjọ́ eré gan-an, ọkọ̀ tó kó òwú gun orí ọ̀kan nínú okùn méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Alidou ki ẹyọ tó kù bọ pátákó rẹ̀. Iná dákẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á.

Ó ní, "Ẹ lọ pe ará Parakou."

Waliath, ìyàwó rẹ̀, tó gbé oúnjẹ wá fún un, sọ abọ́ kalẹ̀. Ó fa ìwé kan yọ ní ìsàlẹ̀ àpò okùn, ìwé Faransé tó bá pátákó náà wá, tí Alidou ò ṣí rí. Ó tú orí okùn tó kù, ó fi wé ìwé náà. Wáyà tó yẹ kó wà lára eyín kejì wà lára ẹ̀kẹta, ti ẹ̀kẹta sì wà lára èkejì. Okùn kọ̀ọ̀kan ló ń dorí àṣẹ kodò. Tí wọ́n bá wá jẹ́ méjì, èkejì á tún un dorí kodò, á sì padà bọ́ sípò. Waliath mú irin gbígbóná, ó yọ́ òjé, ó pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Okùn kan ṣoṣo, iná tàn yòò.

Alidou bi í pé, "Ìyá Zoulfath, láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọdún tí mo já Zoulfath lẹ́nu ọmú."

"O ò sọ fún mi."

"Mo sọ, Bàbá Zoulfath. Ẹ ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí."

Ìbùkún ti dé ẹ̀yìn wọn. "Tonton, ṣebí ẹ ní okùn iná kì í dá rìn?"

Alidou dìde nílẹ̀. "Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ lódì. Ìyàwó mi ló tún un ṣe."

"Ó dáa. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ máa bá wa lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Alidou gbé Waliath sẹ́yìn alùpùpù, ó di Goro, kó lè tún okùn Seidou ṣe. Seidou gbọ́wọ́ lé àpò okùn rẹ̀.

"Tonton, ẹ má bínú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í ṣàṣìṣe."

"Seidou, èmi ni ọ̀gá náà!"

"Mo mọ̀. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí."

Alidou na irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Zoulfath, ìwọ bá a sọ̀rọ̀. Èmi ti sọ tèmi fún odindi ọdún mẹ́fà."