Ààwẹ̀ Tí Ẹnìkan Kì Í Bá Ẹnìkan Gbà

Ọmọ́ṣọlá ló ń tọ́jú Bàbá Levi ní Chadwell Heath, ní London. Júù ni bàbá náà. Ọjọ́ Ètùtù wọn ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi ń gbààwẹ̀ ìrònúpìwàdà. Ṣùgbọ́n dókítà ní bàbá ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀, nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Ni bàbá bá fajú ro bí ọmọ tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu ẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ni Ọmọ́ṣọlá wí. "Èmi á bá yín gbà á. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, a máa ń gbààwẹ̀ fún èèyàn."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá fẹ́ẹ̀ jábọ́.

"Ṣọlá, tó o bá jẹun, ṣé èmi ni màá yó? Kálukú ló ń tọrọ ìdáríjì tiẹ̀." Ó wá dì í lọ́wọ́ mú. "Lọ́jọ́ tí tíì dà sí mi lára, mo pè ẹ́ ní òmùgọ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Haa! Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí o! Ṣé àgbà ń bẹ ọmọdé ni?"

"Ọlọ́run ò ní bá ẹ dárí ẹ̀ jì mí. Ìwọ ni mo ṣẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kan Ọmọ́ṣọlá lójú egbò. Akínrẹ̀mí, àbúrò ẹ̀ ní Rippleside, kò bá a sọ̀rọ̀ látìgbà tí ìyá wọn ti kú. Akínrẹ̀mí ló jókòó ti màmá lọ́jọ́ náà. Ó jáde díẹ̀. Kó tó dé, màmá ti lọ. Níbi ìsìnkú ni Ọmọ́ṣọlá ti jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn: "Ìwọ lo fi Màmá sílẹ̀ tó fi dá nìkan kú!"

Ẹyin lohùn. Ó ti fọ́.

Látìgbà náà, ó ti tan àbẹ́là, ó ti gbààwẹ̀, ó ti sunkún níwájú pẹpẹ. Ọlọ́run nìkan ló ń bẹ̀. Àgbà ni òun; àbúrò ni kó wá dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, bàbá jẹun díẹ̀, ó lo oògùn, ó gbàdúrà. Ọmọ́ṣọlá gba ààwẹ̀ tara ẹ̀. Bí oòrùn ṣe wọ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Rippleside.

Akínrẹ̀mí ṣílẹ̀kùn. Ọmọ́ṣọlá kúnlẹ̀ gbì.

"Sister mi! Ẹ dìde jàre, àwọn ará àdúgbò ń wò wá!"

"Kí wọ́n máa wò. Àbúrò mi, ẹnu mi ṣẹ̀ ẹ́. Dárí jì mí."

Òun náà kúnlẹ̀. Wọ́n sunkún.

"Búrẹ́dì ni Màmá rán mi lọ́jọ́ yẹn," ni Akínrẹ̀mí wí. "Ó ní Agége gbígbóná ló ń wu òun. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí."

"Mi ò bi ẹ́. Ó yẹ kí n bi ẹ́."

Akínrẹ̀mí nu ojú ẹ̀. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ààwẹ̀ ni mo gbà."

"Ẹ wọlé. Búrẹ́dì wà, tíì wà. Àbí ẹ ṣì ń da gbogbo ṣúgà inú agolo sí tíì?"

"Panu mọ́," ni Ọmọ́ṣọlá wí, ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. "Gbé agolo náà wá."