Awò Ojú Ọ̀gá

Ọ̀gá wa ní ilé àyẹ̀wò erùpẹ̀ ní Banjul kì í dáni lóhùn láìkọ́kọ́ nu awò ojú rẹ̀. Ẹ́kísíréè la fi ń wo ohun tó wà nínú erùpẹ̀, gílóòbù kan ṣoṣo tó ń tan ìtànṣán rẹ̀ la sì lówó láti rà. Ìyàwó mi, tó ń lọ erùpẹ̀ náà, kìlọ̀: "Ọ̀gá, irin kún ilẹ̀ pupa wa. Gílóòbù oníbàbà á mú kí irin náà tàn, fíìmù àwòrán á sì dúdú. Ẹ ra ti kóbáltì, ìyẹn ò ní mú irin tàn."

Ó nu awò. "Màdáámù, bàbà ni gbogbo ayé ń lò."

Bàbà dé, fíìmù dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní omi àdúgbò Campama tá a fi fọ fíìmù ló bà á jẹ́.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, ọ̀gá wá kí mi, ó nu awò náà títí. "Kóbáltì ló yẹ ká rà."

Mo fi àga ìyàwó mi hàn án. "Ẹ sọ fún un, sà."