Ọwọ́ Tó Kúrò Lábẹ́ Aláìsàn

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù kan ní Ọ̀fà. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí títí dòní, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ogbó ló fà á.

Òyìnbó ni Sístà tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù wa, kò sì fi òfin kan ṣeré rárá: nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ dá gbé aláìsàn. Ẹni méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n á tẹ eékún, wọ́n á so ọwọ́ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ yọwọ́ títí ìdí aláìsàn yóò fi kan ibùsùn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ máa ń gbé tiwa. A jọ kọ́ṣẹ́ ni, yàrá kan náà la ń gbé, ìkòkò kan la fi ń sebẹ̀. Bó bá ti ní "Ó yá!", mi ò ní wo ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a fẹ́ gbé àgbẹ̀ ará Ìjàgbó kan láti orí àga padà sórí ibùsùn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú un, ó sì wúwo bí àpò àgbàdo tí òjò pa. A ti gbé e dé agbedeméjì nígbà tí bàbá àfẹ́sọ́nà ọ̀rẹ́ mi yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó wá wo ẹbí rẹ̀ kan. Kí n tó ṣẹ́jú, ọ̀rẹ́ mi ti yọwọ́, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Ta ni yóò bá ọmọ wí pé ó kúnlẹ̀ kí àgbà? Ẹni tó bá dúró gbagidi níwájú bàbá ọkọ, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n gbogbo ara ọkùnrin náà ti wá sọ́rùn mi. Bí mo bá jù ú sílẹ̀, orí rẹ̀ á fọ́. Mo gbá a mọ́ra títí mo fi gbé e lé ibùsùn, nǹkan kan sì já ní ìbàdí mi. Mi ò lè nàró mọ́.

Sístà dé, ó bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó wo bàbá ọkọ rẹ̀.

"Mo ní kó dúró dè mí, Sístà," ó ní. "Òun ló dá a gbé."

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́! Mo sọ tẹnu mi, àmọ́ ta ló gbọ́? Bàbá ọkọ rẹ̀ ti kọjá lọ bá ẹbí tó wá wò. Àgbẹ̀ yẹn rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Omi ló ń dà lójú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi fi aṣọ gbígbóná jó mi níbàdí, ó ń sunkún.

"Dákun, jẹ́ kí n wọlé ọkọ ná. Bí mo bá ti wọlé, màá lọ sọ òótọ́."

Èmi òmùgọ̀ gbà. Mo tilẹ̀ bá wọn jó níbi ìgbéyàwó, pẹ̀lú ìbàdí yìí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ọsibítù dé: mo rú òfin, ẹ̀yìn mi ò sì lè gba iṣẹ́ wọ́ọ̀dù mọ́, kí n máa lọ. Mo mú un lọ bá ọ̀rẹ́ mi nílé ọkọ.

"O ti wọlé ọkọ o," mo ní. "Lọ sọ fún Sístà."

Ó wò mí bí ẹni wo àlejò.

"Kí n sọ kí ni?"