Ìdí Tí Mo Fi Tún Bíréèkì Fọ́kílífítì Náà Tú

Sítóò kòkó kan wà ní Ọ̀rẹ̀ tí èmi ni mẹkáníìkì wọn. Fọ́kílífítì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ó sì ti gbó. Irin méjì gbọọrọ tó wà níwájú rẹ̀ la fi ń gbé àpò kòkó lọ sídìí tírélà. Bàbá kan tó ń ti Omifúnfun wá ló ń wà á. Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá máa ń tẹ bíréèkì kí ó tó mú. Mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé tó bá di ọ̀la, màá tú u wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá ń fi ọkọ̀ gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lórí ìdagẹ̀rẹ́ sìmẹ́ǹtì iwájú sítóò. Ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn wọlẹ̀ lófo ni. Ìyá tó máa ń rán àpò tó bá ya jókòó sísàlẹ̀ ibẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i.

“Ẹ sá o!” Bàbá já irin iwájú sílẹ̀. Irin ha sìmẹ́ǹtì, iná ń ṣẹ́ yọ, àpò ya, kòkó fọ́n káàkiri. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, àyè tó kù láàárín irin àti ẹ̀yìn ìyá náà kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Máníjà jáde wá. “Tírélà ń bọ̀ lónìí,” ó ní. “Ẹ bá mi tún un ṣe kíá.”

Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo yọ táyà. Rọ́bà kékeré tó yẹ kó dí òróró bíréèkì mọ́nú ti jẹ, òróró sì ti rin lánìnì tó máa ń di táyà mú gbindin. Mo wá rọ́bà náà láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, mi ò rí i. Ọlọ́jà kan na ti ọkọ̀ kékeré sí mi. “Ó máa wọ̀ ọ́, ọ̀gá.” Mo gbé méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, tuntun yẹn fi díẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Mo rà á bẹ́ẹ̀.

Mo fi rọ́bà náà sí i, mo pààrọ̀ lánìnì, bàbá ń tẹ bíréèkì, èmi ń fa afẹ́fẹ́ inú òróró jáde nísàlẹ̀. “Ó ti le lẹ́sẹ̀ mi,” bàbá wí. Mo ń kó sípánà mi jọ nígbà tí ìyá yẹn bi mí pé, “Ṣé kí n padà síbi tí mo jókòó sí?”

Mo lọ fọ ọwọ́. Mo rìn dé ẹnu géètì, mo padà. Mo tún fọ ọwọ́ tó ti mọ́. Mo wo ẹ̀yìn táyà, mo dìde, mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Níkẹyìn mo gbé jáàkì.

“Kí lo gbàgbé?” bàbá béèrè.

“Mi ò gbàgbé nǹkan kan, bàbá. Rọ́bà yẹn ni ọkàn mi ò gbà.”

Nígbà tí mo tú u, òróró ti ń sun yí rọ́bà tuntun náà ká. Máníjà bínú, ó ní kí àwọn alábàárù máa fi orí ru ẹrù. Èmi gun ọ̀kadà, ó di Òdìgbó, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n ní ó wà lóko. Mi ò lè jókòó. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ níwájú ilé rẹ̀ títí ó fi dé pẹ̀lú ìdì ẹ̀gẹ́ lórí. Ó tú àpótí irin rẹ̀ wò, ó rí rọ́bà tó bá a mu gẹ́lẹ́.

“Ìgbà wo lo mọ̀ pé bíréèkì yẹn ò dáa mọ́?” ó béèrè.

Mo sọ fún un. Ó wò mí, ó na rọ́bà sí mi, ó wọlé.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo padà dé sítóò, tí mo sì fi rọ́bà náà sí i tán. Mo ní kí bàbá fi ọkọ̀ gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀, èmi sì dúró sísàlẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́ náà. Ó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ dúró gbọnyin.

Mo lọ bá ìyá náà. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé bíréèkì yẹn kò mú dáadáa.”

Ó ń kó òwú rẹ̀ jọ. “O ṣeun tí o sọ ọ́,” ó wí, kò sì wojú mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sẹ́yìn sítóò, ní ìdí ògiri tí fọ́kílífítì kì í dé. Ibẹ̀ ló ti ń rán àpò títí di òní.